Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Wọn: Lẹ́tà sí Ààrẹ àti Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa lórí Minor Ààbò Ayélujára

Sí Ààrẹ Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa,
Àti sí ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́,

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sì kú iṣẹ́ títọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìpinnu tí ẹ ṣe lórí minor ààbò ayélujára, ìyẹn ẹ̀kọ́ kejì tí ọmọ ń fi ti èyí tí ó wá kà gan-an lẹ́yìn, ni ó mú mi kọ̀wé yìí. Ẹ ti kéde pé láti sáà ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò máa darí minor náà, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní lè forúkọ sílẹ̀ fún un àfi bí ó bá ti yege nínú kọ́ọ̀sì méjì lórí calculus, ìyẹn ìṣirò gíga, àti kọ́ọ̀sì mẹ́ta lórí kíkọ kóòdù. Kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì ń kọ́ wa lórí ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nídìí ẹ̀rọ ti di èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fò dá. Èyí tí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ń kọ́ wa lórí òfin àti ìpamọ́ àṣírí ẹni, ẹ ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ojú ewé kan péré ni ìwé tí ẹ fi kéde gbogbo èyí, ó sì tẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tú ká lọ fún ìsinmi.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde yín ni mí. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà lọ́dọ̀ yín, minor yìí ni mo sì fi kún un; òun ni ó gbé mi dé ọ́fíìsì ààbò ayélujára ti ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Maryland lónìí. Àbúrò mi obìnrin ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ìmọ̀ ìṣèlú ni ó ń kà. Ó ti ṣe méjì nínú kọ́ọ̀sì mẹ́fà tí minor náà ní, ìwé yín sì dá a dúró láàárín ọ̀nà.

Ẹ̀dà lẹ́tà yìí tí mo kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní ọ́fíìsì yín. Mo kọ èyí ní Yorùbá nítorí àwọn òbí wa ní Maryland, ní Texas, ní Georgia àti ní Illinois, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, kí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń san fún yín lè pé. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ ṣe, ní èdè tí ọ̀rọ̀ kankan kò ti ní fò wọ́n ru. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ nínú wọn: kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts ni ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti í ka ẹyọ ìmọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ka bàọ́lọ́jì yóò ka lítíréṣọ̀, ẹni tó ń ka orin yóò ka ìṣirò, àwọn olùkọ́ sì gbà pé ọgbọ́n inú ìmọ̀ kan a máa là wá lójú sí òmíràn. Minor tí mo ń sọ yìí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́rin ni ó jọ ni ín, òun sì ni ẹ fi polówó kọ́lẹ́ẹ̀jì yín fún èmi àti bàbá mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wá wo ọgbà yín.

1. Ìdí tí ẹ fún wa kò bá ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fúnra wọn mu. Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ààbò ayélujára, àti pé ẹni tí kò bá jinlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kò ní ohun tí yóò rí mú níbẹ̀. Ní ọdún 2017, ACM àti IEEE Computer Society, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wà nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ méjì mìíràn, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n sọ ní CSEC2017, láti fi han àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bí wọn yóò ṣe máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ní orí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó dúró lé, èmi náà kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ti sọ pé ẹ̀kọ́ tí ó pa onírúurú ìmọ̀ pọ̀ ni, wọ́n sì dárúkọ òfin, ìlànà ìjọba, ìṣe ènìyàn àti ìwà tó tọ́ mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n pín ìmọ̀ náà sí: márùn-ún dá lórí dátà, sọ́fíwíà, àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ, ìsopọ̀ ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, àti ètò ẹ̀rọ lápapọ̀, mẹ́ta yòókù dá lórí ènìyàn, àjọ àti àwùjọ. Mẹ́ta wọ̀nyí gan-an ni kọ́ọ̀sì tí ẹ yọ àti èyí tí ẹ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fò dá ń kọ́ni.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà sọ ohun tó jọ ọ́. Nínú ètò NICE tí NIST, àjọ ìjọba tí ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, gbé jáde lọ́dún 2017 láti fi to iṣẹ́ ààbò ayélujára lẹ́sẹẹsẹ, agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, ẹni tí ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ń túpalẹ̀ èdè ilẹ̀ òkèèrè náà wà níbẹ̀. Bí ìjọba bá ka onímọ̀ èdè mọ́ àwọn tí yóò ṣọ́ ilé, kí ni ó dé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ń kọ́ni ní èdè yóò lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà?

2. Àwọn tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bí tiwa jáde ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà. Èmi ka ìtàn, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Elizebeth Smith, tí ayé wá mọ̀ sí Elizebeth Friedman lẹ́yìn tí ó lọ́kọ, gboyè ní Hillsdale College ní ìpínlẹ̀ Michigan lọ́dún 1915. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kà. Ní 1916 ó lọ sí ilé ìkàwé Newberry ní Chicago láti lọ fojú rí ìwé Shakespeare àtijọ́ kan, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́rọ̀ kan, George Fabyan, tí ó gbà á síṣẹ́ ní Riverbank, nítòsí Chicago, kí ó lè bá wọn wá àṣírí tí wọ́n gbàgbọ́ pé Francis Bacon, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé Shakespeare, fi pamọ́ sáàárín àwọn lẹ́tà inú ìwé Shakespeare. Àṣírí náà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù tí ó fi ń wo ọ̀rọ̀, bí lẹ́tà kan ṣe ń tẹ̀lé èkejì, bí òǹkọ̀wé ṣe máa ń padà sí àṣà ara rẹ̀ láìmọ̀, ni ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ẹnà á tú jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí, Elizebeth Friedman ni ó ń tú ẹnà tí àwọn onífàyàwọ́ ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí rédíò fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Lọ́dún 1933 ó dúró ní kọ́ọ̀tù ní New Orleans, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, títí ó fi yé wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti ikọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń ka ìròyìn ìkọ̀kọ̀ tí àwọn amí Jámánì ń fi ránṣẹ́ láti Gúúsù Amẹ́ríkà, títí kan Brazil. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun méjì tí ó ṣe yìí. Ó tú ẹnà, ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Èkejì yìí, nínú iṣẹ́ mi ojoojúmọ́, ni ó ṣọ̀wọ́n jù.

Kì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí ọdún 1941 ń parí lọ, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ sí àwọn ọmọbìnrin ní Wellesley, ní Mount Holyoke, ní Goucher àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀. Lára ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n ni bóyá wọ́n fẹ́ràn eré ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, àti bóyá wọ́n ti ní àfẹ́sọ́nà. Bí wọ́n ṣe kó wọn wọ iṣẹ́ ẹnà nìyẹn. Ann Caracristi, tí ó ka èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn ní Russell Sage College, wọ irú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní 1942. Nígbà tí ó fi di 1980, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di igbákejì ọ̀gá àgbà ní NSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ ẹnà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá ṣàlàyé èyí fún wa. Ẹni tí ó bá di àrokò mọ̀ pé owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí òun so pọ̀ kò ní wí nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ àdéhùn tó wà láàárín olùránṣẹ́ àti ẹni tí a ránṣẹ́ sí. Àwọn ọmọdé tí ń fọ ẹnà lójúde ń dá àṣírí sínú èdè ìyá wọn. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ àṣírí ti ń gbé inú ilé kan náà.

3. Ẹ wo ohun tí ó wó àwọn ilé ńlá láti bí ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2016, ímeèlì ẹ̀tàn kan tí ó ṣe bí ẹni pé Google ni ó kọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ John Podesta, tí ó ń darí ìpolongo ìbò Hillary Clinton. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàìbéèrè. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ fún wọn. Èsì ẹni náà ni pé ímeèlì náà jẹ́ òtítọ́. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ kọ pé kì í ṣe òtítọ́ ni, pé lẹ́tà méjì péré ni òun gbàgbé níwájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ímeèlì bọ́ sọ́wọ́ olè. Ẹni náà mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Ìwé kíkọ ni ó gbà á lọ́wọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Colonial Pipeline ti òpópónà epo tó gùn láti Texas dé àgbègbè New York pa. Páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni àwọn olè fi wọlé, sínú àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ tí kò sì sí ẹni tó rántí pa á rẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, irú ilẹ̀kùn kan náà, tí wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, ni wọ́n gbà wọ Change Healthcare, ilé-iṣẹ́ tí ń bá àwọn ilé ìwòsàn ṣètò owó ìtọ́jú. Ìsọfúnni nǹkan bí 190 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kàn, ilé-iṣẹ́ náà sì san mílíọ̀nù 22 dọ́là fún àwọn olè. Kò sí ìṣirò líle kankan nínú pípa àkáǹtì àtijọ́ rẹ́. Ọ̀rọ̀ ta ni ó yẹ kó ṣe é ni, ta ni ó ń bi í, ta ni yóò jíyìn. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ni wọ́n ti ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá ń dá lẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà NotPetya, tí ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn ológun Rọ́ṣíà ni ó tú u sílẹ̀ sí Ukraine, ta dé ọ̀dọ̀ Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ilẹ̀ Denmark. Káàkiri ayé ni Maersk ní àwọn ẹ̀rọ tí ń tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́ àti ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè wọ̀. Kòkòrò náà nu gbogbo wọn nù, àfi ẹyọ kan ní Gánà. Ohun tó yọ ti Gánà ni pé iná mànàmáná ti lọ ní ọ́fíìsì náà kí aburú náà tó dé. Íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò lágbára tó láti fi ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà tò. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kan gbé e lọ, kò sí ẹni tó ní físà. Ìyẹn ni ẹnì kan fi wọ ọkọ̀ òfurufú láti Gánà dé Nàìjíríà, tí ó fi hard drive náà lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, tí ẹni yẹn sì gbé e dé London. Maersk ṣírò àdánù rẹ̀ sí mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là, ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n tètè dìde ni ẹ̀rọ kan tí àìsí iná dáàbò bò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ètò tí ilé-iṣẹ́ àgbáyé yóò fi múra de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí iná ṣe ń lọ, bí físà ṣe ń jáde, ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń lọ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti ìdí tí ogun Ukraine àti Rọ́ṣíà fi lè ba nǹkan jẹ́ ní èbúté tí kò mọ ohun kan nípa rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ayé ni gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì ń kọ́ni dáadáa.

4. Òfin pàápàá ń dúró lórí ọ̀rọ̀ kékeré. Òfin Amẹ́ríkà tó de jíjí wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1986, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn kọjá àyè tí a fún un. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Nathan Van Buren, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan ní Georgia tí ó gba owó láti fi kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ ẹnì kan wò. Adájọ́ mẹ́fà ta ko mẹ́ta: wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ó ní àyè láti dé ibi tí àkọsílẹ̀ náà wà, èrò búburú tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò sọ ọ́ di arúfin lábẹ́ òfin yẹn. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn wọn dá lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, «so», tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju méjì lọ. Nínú kọ́ọ̀sì òfin tí ẹ yọ ni àbúrò mi ti ka ẹjọ́ náà. Ọmọ tí ó bá ń wá ihò inú ẹ̀rọ kiri láti ran oníǹkan lọ́wọ́, tí kò sì mọ ibi tí òfin fi ààlà sí, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ayé ara rẹ̀ jẹ́.

5. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ti kú sọ́wọ́ àwọn olè wọ̀nyí. Lincoln College ní Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865 tí wọ́n sì fi orúkọ Abraham Lincoln pè nígbà tí ó ṣì wà láàyè, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ́jọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, lẹ́yìn ọdún 157. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀. Àrùn kòrónà ti sọ ọ́ di aláìlera. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 àwọn olè fi ransomware, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ń ti fáìlì pa títí a ó fi san owó ìtúsílẹ̀, ti gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò lè mọ iye ọmọ tí yóò wọlé, kò lè rọ́nà béèrè ìrànwọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ fi padà bọ̀ sípò ní oṣù Kẹta, wọ́n rí i pé iye ọmọ tí ń bọ̀ kò lè gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà ró. Ẹ̀yin àgbà, owó wa kò pọ̀, òṣìṣẹ́ wa nídìí ẹ̀rọ kò pọ̀. Àwọn tí yóò ṣọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bí tiwa ni akọ̀wé ìgbaniwọlé, olùtọ́jú owó, ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Àwọn wọ̀nyí kò ní ka calculus méjì láéláé.

6. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá lọ́nà tí ó lè má hàn sí yín. Nínú ìròyìn FBI fún ọdún 2024, owó tí àwọn ènìyàn sọ pé àwọn pàdánù sọ́wọ́ olè ayélujára ju bílíọ̀nù 16 dọ́là lọ. Èyí tó lé ní bílíọ̀nù 2.7 nínú rẹ̀ jẹ́ ti irú jìbìtì tí olè fi ń kọ ímeèlì bí ọ̀gá tàbí bí oníbàárà, tí owó ilé-iṣẹ́ sì ń gba àkáǹtì rẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. A mọ̀, ó ń dùn wá, orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ń wo gbogbo wa.

Lọ́dún kejì mi lọ́dọ̀ yín, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí níwájú kíláàsì bóyá wọ́n ń kọ́ wa ní jìbìtì náà nílé. Ojú tì mí débi pé n kò lè dáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fìlọ́sọ́fì tó ń kọ́ wa kò bá ọmọ náà jà. Ó gbé irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ kan sí iwájú gbogbo wa, ó ní kí a kà á ní gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn: níbo ni olùkọ̀wé ti ń kánjú wa, níbo ni ó ti ń bọ̀wọ̀ fún wa ju bó ṣe yẹ lọ, níbo ni ó ti ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, mo mọ bí ìkíni tó ní ọ̀wọ̀ nínú ṣe rí, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá di pàkúté. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe. Kíláàsì yẹn ni ẹ ń sọ báyìí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fò dá.

7. Ibì kan wà tí ẹ jàre, n kò sì ní fi pamọ́. Àwọn kan ti gba minor yìí jáde tí wọn kò lè ka ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kọ sílẹ̀, ìyẹn kò sì dára. Èmi fúnra mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti Wireshark, sọ́fíwíà tí ń fi ohun tí ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, kí n tó mọ̀ bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń kí ara wọn, mo sì sunkún lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tó gbà mí ni pé olùkọ́ wa so ọmọ kọ̀ǹpútà kan mọ́ ọmọ tí ń ka ìmọ̀ mìíràn ní méjìméjì. Ẹnìkejì mi fi ẹ̀rọ hàn mí, èmi ni mo kọ ìròyìn wa, àwa méjèèjì sì dìde láti gbèjà rẹ̀ níwájú kíláàsì. Bí ẹ bá fẹ́ kí minor náà lágbára, ẹ fi kọ́ọ̀sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo ènìyàn yóò fọwọ́ ara wọn ṣe kún un, kí ó jẹ́ dandan, kí ìdánwò rẹ̀ sì le. Bí ẹ ti ń béèrè ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ fìlọ́sọ́fì, kí ẹ béèrè òfin lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ǹpútà. Calculus kò sí nínú ohun tí mo ń ṣe lójoojúmọ́. N kò sì rí ọ̀gá mi tí ń lò ó.

8. Ẹ kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ kò bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú minor náà, àwa tí a ti gbà á jáde kò rí lẹ́tà kankan, olùkọ́ tí ó ń kọ́ kọ́ọ̀sì òfin sì sọ fún àbúrò mi pé ọjọ́ kan náà ni òun àti àwọn ọmọ jọ gbọ́ ọ.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ẹ dá ìpinnu náà dúró fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, kí ìgbìmọ̀ tí ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní aṣojú nínú rẹ̀ tún un gbé yẹ̀ wò, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti akẹ́kọ̀ọ́jáde kan sì jókòó pẹ̀lú wọn. Kí ẹ dá kọ́ọ̀sì fìlọ́sọ́fì àti ti òfin padà sí ipò dandan. Kí ẹ yọ calculus kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì fi kọ́ọ̀sì kóòdù kan àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo sọ rọ́pò. Ní ti àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀, bí àbúrò mi, ohunkóhun tí ìgbìmọ̀ náà ì báà pinnu, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé ìlànà tí wọ́n bá wọlé ni wọn yóò fi jáde. Èyí kò nílò ìpàdé kankan. Ọwọ́ Ààrẹ nìkan ni ó wà.

Ìforúkọsílẹ̀ fún sáà tuntun kò ní pẹ́ ṣí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n dúró sí kí ó tó ṣí, nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí èsì lórí ti àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lórí ìyókù, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sórí ètò ìpàdé àwọn olùkọ́ tó kàn. Ẹ sọ ọjọ́ fún mi. Èmi yóò wá láti Maryland lówó ara mi, n óò sì mú iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ wá kí ẹ fojú ara yín rí i.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́jáde ìmọ̀ ìtàn àti ààbò ayélujára,
Maryland